Àgbélébùú Kejìlá Lókè Ẹnubodè

Òórùn ọ̀rá àgùntàn ni Peronelle gbọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ó dúró gbagidi, àbẹ́là méjìlá lápá rẹ̀, ó tún fa imú. Àgùntàn ni.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Obìnrin tó ti ń yọ́ ìda oyin láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tí ọkọ kú fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún tí iṣẹ́ náà kò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, imú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í purọ́ fún un. Gbogbo Montvérand ló sì mọ̀ pé ìda nìkan ni wọ́n ń tàn níwájú pẹpẹ. Wúńdíá ni oyin tó ń ṣe ìda, wọn kì í gun ara wọn bí ẹran, ohun tó bá sì ti ara wúńdíá jáde ló yẹ Ọmọ Màríà. Ọ̀rá àgùntàn, ti ilé ìdáná ni, ti ilé ẹṣin ni, ti tálákà tó fẹ́ rí ojú aya rẹ̀ nígbà oúnjẹ ni. Ọgọ́ta ọdún tí ilé ìsìn yìí ti wà lókè ẹnubodè, ẹnikẹ́ni kò tan ọ̀rá níbẹ̀ rí.

Ó gbé àwọn àbẹ́là náà sílẹ̀. Ọ̀la ni àyájọ́ ọjọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ya ilé náà sí mímọ́. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àbẹ́là kan gbọ́dọ̀ máa jó lábẹ́ àgbélébùú kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjìlá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn sára ògiri, ọ̀kan fún àpọ́sítélì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó gbé e gòkè wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó máa wá ibi tí òórùn náà ti ń wá, ó kọ́kọ́ gbójú sókè, nítorí kò sí ọjọ́ tó wọ ibẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í bù máṣọ.

Ẹni tó kọ́ ilé olódi yìí mọ ohun tó ń ṣe. Bàbá bàbá Olódi, ẹni tó ni ilé náà lónìí, ló ti Jerúsálẹ́mù dé tòun ti ẹsẹ̀ kan tó ti rọ, ó ní òun á kọ́ àwòrán ìlú ọ̀run sórí òkè, kí àwọn tí kò lè rìn dé ọ̀hún lè fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ibì kan tó jọ ọ́. Ilé ìṣọ́ méjìlá ló fi yí i ká. Nísàlẹ̀ ẹnubodè, ejò àti ẹranko oníwo ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, apá àríwá nìkan, níbi tí oòrùn kì í dé. Lókè ìyẹn, ní gbọ̀ngàn, ènìyàn ni wọ́n gbẹ́: ẹni tó ń fúnrúgbìn, ẹni tó ń kórè, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ èso àjàrà. Lókè pátápátá ni ilé ìsìn, tí àjà rẹ̀ dúdú bí aró, tí ìràwọ̀ wúrà kún inú rẹ̀, tí fèrèsé gígùn kan sì wà lẹ́yìn pẹpẹ níhà ìlà-oòrùn. Ẹni tó bá ti ẹnubodè gòkè débẹ̀ ti kọjá lára ẹranko, ó ti kọjá lára ènìyàn, ó wá ku òun àti Ọlọ́run. Peronelle kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn òkúta wọ̀nyí, ó mọ̀ wọ́n kà.

Abẹ́ pẹpẹ ni ìka Ostiane Mímọ́ máa ń wà tẹ́lẹ̀, nínú àpótí fàdákà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ostiane yìí ni ọmọbìnrin olùṣọ́nà tí àwọn ọlọ́ṣà ká mọ́ ẹnubodè láyé ọjọ́un, tí kò rí igi fi dábùú ilẹ̀kùn, tó sì ti apá ara rẹ̀ bọ ibi tí igi ń gbà. Kí wọ́n tó gé ọwọ́ náà já, gbogbo ìlú ti jí. Láti ìgbà náà ni ará Montvérand kì í ti í wọlé láì fi ọwọ́ kan òkúta ẹnubodè. Wàyí o, ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ni àpótí náà di àwátì.

Peronelle ń fa imú lọ lára ògiri, láti àgbélébùú kan dé òmíràn, títí ó fi dé ìkejìlá, èyí tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn, lókè ẹnubodè gan-an. Èéfín dúdú lẹ̀ mọ́ òkè rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ó fi ìka nù ún, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fi ahọ́n kàn án, ó sì yára tutọ́ sínú ìnujú.

“Ta ló wá sun àgùntàn fún àpọ́sítélì?” ló bi ara rẹ̀.

*

Garin, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, ni Olódi gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Garin kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀lẹ ni, òun náà sì mọ̀ pé ọ̀lẹ lòun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Peronelle ti bá a tú ọ̀rọ̀ tó ta kókó, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ti sọ fún Olódi pé òun nìkan ló tú u. Peronelle kò bínú. Ó ní ẹni tó bá ń gba ìyìn tó yẹ ẹni, kì í rọrùn fún un láti kọ̀ bí a bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Garin ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì nígbà tí ìyá náà wọlé. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu ẹnu.

“Ìyá Alábẹ́là, ẹ ti bá mi parí iṣẹ́ nìyẹn. Ta ló ń tan ọ̀rá àgùntàn? Joscelin ni. Odidi ìkòkò kan ni mo bá lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.”

“Gbogbo ìlú ló ń tàn án. Ìwọ náà ń tàn án.”

“Gbogbo ìlú kò gba kọ́kọ́rọ́.”

Ibẹ̀ gan-an ni okùn ti há mọ́ Joscelin lọ́rùn. Agbẹ́-òkúta ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lo ọdún méjì ní Montvérand, tó fẹ́ Mabile ọmọ oníbúrẹ́dì. Fáàdá Odilon, àlùfáà ilé olódi, fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìsìn fún ọjọ́ mẹ́ta kó lè tún àtẹ̀gùn pẹpẹ ṣe. Lọ́jọ́ kẹta, àpótí kò sí mọ́, ìyẹ̀fun ẹfun sì wà lára aṣọ pẹpẹ. Kí ni wọ́n tún ń wá? Garin kọ́kọ́ fura sí arìnrìn-àjò mímọ́ kan tó sùn sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó ran ẹlẹ́ṣin méjì tọ̀ ọ́ lọ, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi lé e kí wọ́n tó bá a létí odò. Ìyarun kan àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ẹja náà ti ń rà.

Olódi Thibaut sì ti dá ẹjọ́. Ó ti ṣèlérí ìka Ostiane fún Bíṣọ́ọ̀bù, tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì sí ìgboro. Ọ̀la ni Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbé e. Bí agogo kẹta òwúrọ̀ bá lù tí ìka náà kò tíì jáde, wọn yóò gé ọwọ́ ọ̀tún Joscelin lábẹ́ ẹnubodè, kí Bíṣọ́ọ̀bù má baà sọ pé Montvérand kò lè ṣọ́ ẹni mímọ́, kò sì lè jẹ olè níyà. Agbẹ́-òkúta tí kò lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ló kù tí yóò fi jẹun?

Peronelle ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú ọmọ náà gòkè lọ wo ògiri. Garin ní kò ṣeé ṣe. Ìyá náà ní ó dáa, bí òun bá rí nǹkan, òun á kúkú lọ sọ fún Olódi fúnra òun. Garin bá dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́.

*

Ìsàlẹ̀ ilé ìṣọ́ apá àríwá ni ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí àwọn ẹranko oníwo náà ti ń yọ eyín lára òkúta. Mabile jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwo ọbẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ọbẹ̀ náà ti dì. Kò sunkún. Nǹkan kan péré ló bi Peronelle.

“Ìyá, wọ́n ní bí wọ́n bá gé e tán, ọ̀dà gbígbóná ni wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró. Ṣé òótọ́ ni?”

Peronelle ní kó lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Nígbà tí wọ́n mú Joscelin jáde, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá òsì bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún ọmọdé. Wọ́n gòkè. Bí wọ́n ti wọ ilé ìsìn, òun náà gbójú sókè sí àwọn ìràwọ̀, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Peronelle rí i, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára: ẹni tó bá jalè nínú ilé yìí kò ní lè gbójú sókè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí, ó kàn fi í sọ́kàn ni.

“Wo àgbélébùú tó wà lọ́hùn-ún yẹn fún mi,” ló wí.

Joscelin wò ó. Ó sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

“Ta ló rẹ́ èyí?”

“Ìwọ kọ́?” Garin dáhùn.

“Èmi?” Ó ti gbàgbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. “Ọ̀gá Garin, ẹni tó ṣe èyí kò fi omi rin òkúta kó tó fi ẹfun lé e. Gbígbẹ ló rẹ́ ẹ lé. Ẹ wo etí rẹ̀ bó ṣe ń là. Kí òtútù ọdún tó ń bọ̀ tó tán, yóò ṣí lulẹ̀. Ọmọ ọdún méje tó ń kọ́ṣẹ́ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gé ọwọ́ mi. Ẹ má sáà sọ pé ọwọ́ yìí ló ṣe irú iṣẹ́ yìí.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o. Ọkùnrin tí àáké ń dúró dè, ògiri tí wọn kò rẹ́ dáadáa ló ń dùn ún.

Garin ní olè ọlọ́gbọ́n lè mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ kí wọ́n má baà fura sí i. Peronelle ní òótọ́ ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n bu omi fún òun, omi lásán, kì í ṣe ti ìwẹ̀nùmọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ. Ó fi ìka ta omi sára àgbélébùú àkọ́kọ́, omi náà yí gbirigbiri wálẹ̀ láì wọnú ògiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkejì, sí ìkẹta, ohun kan náà. Òróró mímọ́ ni. Ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, Bíṣọ́ọ̀bù àtijọ́ gun àkàsọ̀, ó fi àtàǹpàkò ara rẹ̀ pa òróró sára àgbélébùú kọ̀ọ̀kan, òróró náà mu wọ inú ẹfun, kò sì tíì jáde títí di òní. Kò sí ẹni tó rò pé àtàǹpàkò ẹni tó ti kú látọjọ́ yìí ṣì wà lára ògiri, tó ń lé omi. Mọ́kànlá ló lé omi náà. Nígbà tí wọ́n dé ìkejìlá, ògiri fà á mu tótótó, ó sì ṣókùnkùn níbi tó ti mu ún.

“Tuntun ni,” Joscelin sọ wúyẹ́wúyẹ́. “Wọ́n ti tú òkúta tó wà lẹ́yìn rẹ̀.”

Peronelle lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹpẹ. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ti rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ, kò sì wù ú kó débẹ̀.

“Garin, àpótí ìda mi, tí kì í kúrò níbí, nìyẹn nílẹ̀ lábẹ́ ògiri. Ẹni tó dúró kun àgbélébùú yìí, bó bá na ọwọ́, á kàn án. Ó nílò èéfín kó lè bá àwọn tó kù dọ́gba. Kí ló dé tí kò tan ìda, tó lọ gbé ọ̀rá gòkè wá láti ìta?”

Garin ní bóyá kò rí i.

“Ó rí i. Ẹ̀rù rẹ̀ ló bà á. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ti Ọlọ́run ni ìda, kò lè fi í ṣe ẹ̀tàn. Wá sọ fún mi, olè wo ló lè gbé ìka ẹni mímọ́ tí kò wá lè gbé àbẹ́là?”

Garin ronú, iwájú orí rẹ̀ kó jọ. “Ẹni tí kò mọ̀ pé òun jalè,” ló wí níkẹyìn.

“Òróró ńkọ́? Ó rántí èéfín, ó rántí pupa, ó fi okùn wọn àgbélébùú náà kó má baà tóbi ju àwọn yòókù lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbàgbé òróró. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni, torí pé Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òróró pa àgbélébùú ara ògiri. Ká ní Joscelin ló ṣe é, ì bá fi òróró oúnjẹ pa á, á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ òfin yẹn. Èmi náà, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ nínú ilé yìí.”

“Ẹ má dárúkọ rẹ̀,” Garin ní.

“N kò tíì dárúkọ.”

Garin jẹ́wọ́ pé òun bi gbogbo ènìyàn léèrè, títí kan ẹni tó ń fọ àwo, ṣùgbọ́n òun kò bi Fáàdá Odilon ní nǹkan kan. Ta ló ń bi àlùfáà? Ó wá sọ ohun tó burú jù: kò sí bí Olódi yóò ṣe jẹ́ kí wọ́n fi irin kan àgbélébùú ilé mímọ́ torí imú obìnrin alábẹ́là àti ife omi kan. Ilé ìsìn lè bàjẹ́ lójú Ọlọ́run bí wọ́n bá ṣìṣe. Àfi kí ọ̀rọ̀ ti ẹnu Fáàdá fúnra rẹ̀ jáde.

*

Fáàdá Odilon ló ri ọmọ mẹ́ta bọmi fún Peronelle. Òun náà ló sin méjì nínú wọn, òun ló sin ọkọ rẹ̀. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìsìn, kò ju ibi tí ibùsùn àti tábìlì lè gbà lọ. Oòrùn ti ń wọ̀, ó sì ti tan iná kàwé. Peronelle kò ní láti fa imú kó tó mọ irú iná tó jẹ́.

“Peronelle, ọmọ mi. Ṣé àbẹ́là pé?”

“Méjìlá pé, Fáàdá. Ọ̀rá lẹ tún fi ń kàwé, pẹ̀lú ojú yín yìí?”

“Ìda, ti Ọlọ́run ni. Ojú, tèmi ni.”

Peronelle ti pèsè ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbogbo rẹ̀ sì ti fò lọ.

“Ẹ kò fi omi rin ògiri yẹn, Fáàdá, kí ẹ tó rẹ́ ẹ.”

Àlùfáà náà pa ìwé dé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ arúgbó tí ẹfun ti jẹ ní ìka.

“N kò mọ̀ pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ló wí.

Kò sẹ́. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti sẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó ní òun kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí ogun àwọn ẹlẹ́ṣin ìhà odò dé ẹsẹ̀ òkè, òun sì fi ojú ara òun rí i tí wọ́n dé ẹnubodè tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n dúró, tí wọ́n yí ẹṣin padà láì sí ẹni tó ju òkò. Wọ́n bi ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn náà, ó ní òun rí ọwọ́. Láti ọjọ́ náà ni Odilon ti ń sin ọwọ́ yẹn. Wàyí ni Olódi wá fẹ́ fà á fún àlejò bí ẹni fa ẹṣin. Òun kò jí i, ó ní, ibi tó yẹ ẹ lòun gbé e padà sí, lókè ilẹ̀kùn tó fi ara dí. Ẹni tó bá wọlé yóò máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, Bíṣọ́ọ̀bù á lọ lọ́wọ́ òfo, ìlú á sì wà láàyè. Kò rò ó rí pé wọ́n á mú ọmọ agbẹ́-òkúta. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti mú un, òun kò tíì jẹun.

“Mò ń gbààwẹ̀. Ostiane yóò dá àáké náà dúró, Peronelle. Ó ti dá ogun dúró rí.”

“Bí kò bá dá a dúró ńkọ́?”

Peronelle kò fi irú ohùn yìí bá àlùfáà sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀.

“Fáàdá, ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ostiane fi dábùú ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀yin fẹ́ fi dábùú tiyín.”

Ojú arúgbó náà ràn mọ́ iná. Ó ní kó jọ̀wọ́ fún òun láyè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí òun lè gbàdúrà. Peronelle kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó jáde.

*

Ní òwúrọ̀, gbogbo Montvérand ti pé sábẹ́ ẹnubodè. Ìtí igi wà nílẹ̀, àáké wà lára rẹ̀. Olódi Thibaut dúró láì gun ẹṣin. Ọkùnrin ńlá ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀, ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà sì le koko. Agogo kìíní lù. Agogo kejì lù. Fáàdá kò yọjú. Garin ní òun ń wá okùn, ó sì ń wá a níbi tí gbogbo ayé mọ̀ pé okùn kò sí. Mabile dúró gbọnin. Peronelle ń wo àtẹ̀gùn, ó ń bú ara rẹ̀ nínú pé òun ti fi ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ lórí ọkàn arúgbó.

Wọ́n fa Joscelin síwájú. Wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn ènìyàn pínyà. Fáàdá Odilon sọ̀kalẹ̀ láì wọ bàtà, ó ń fi ọwọ́ kan ògiri kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ ọ́. Kò wo Olódi. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìtí igi náà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ lé e.

“Ọwọ́ tó gbé e nìyí,” ló wí. “Mo rò pé Ostiane yóò ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ilẹ̀ mọ́, mo sì rí i pé èmi ló ń dúró dè.”

Olódi Thibaut wo ọwọ́ náà títí. Gbogbo ìlú rí i tó gbójú sókè wo òkúta ẹnubodè, tó tún wo ìtí igi tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé síbẹ̀, ní ibi kan náà tí àwọn ọlọ́ṣà ti gé ọwọ́ ọmọbìnrin nì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ arúgbó náà kúrò lórí igi.

“Ẹ dìde, Fáàdá. Ẹ lọ fi hàn mí.”

Wọ́n gòkè, iye tí àtẹ̀gùn lè gbà. Peronelle ló ṣí ilẹ̀kùn, òun náà ló sì kọ́kọ́ rí i, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Oòrùn òwúrọ̀ ọjọ́ ìyàsímímọ́ ti gba fèrèsé gígùn náà wọlé, ó ré kọjá lórí pẹpẹ, ó la gbogbo ilé náà já láàárín, ó sì dúró sójú àgbélébùú kejìlá nìkan. Àwọn mọ́kànlá yòókù wà nínú òjìji. Lọ́dọọdún, ìsàlẹ̀ ni gbogbo ará ìlú máa ń wà ní irú wákàtí yìí, tí wọ́n ń tò fún ìwọ́de. Ọgọ́ta ọdún ni bàbá arọ tó kọ́ ilé náà ti wọn ìmọ́lẹ̀ yìí sílẹ̀ dè wọ́n, láti ibi pẹpẹ dé ibi ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó gòkè wá wò ó. Odilon kò mọ̀ nígbà tó yan ògiri náà. Ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àwọn tó wà lẹ́yìn kúnlẹ̀, Garin náà kúnlẹ̀, tòun ti ikùn rẹ̀.

Agbẹ́-òkúta kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Olódi fún Joscelin ní òòlù àti irin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló kàn án, ẹfun náà ṣí lulẹ̀ bó ṣe sọ. Ó yọ òkúta, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ihò, ó sì fa àpótí fàdákà náà jáde sínú oòrùn. Ó gbé e fún Olódi.

Olódi gbé e lọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nísàlẹ̀, agogo kẹta lù. Ó na àpótí náà padà sí Joscelin.

“Dá a padà síbi tó wà. Bíṣọ́ọ̀bù yóò gba igi óákù inú igbó mi fún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òróró mímọ́ rẹ̀ ni kó bá wa gbé gòkè wá, kó fi pa àgbélébùú yìí.” Ó yíjú sí Peronelle. “Garin ti sọ fún mi pé òun ló wá ọ̀rọ̀ yìí rí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Peronelle wí.

“Kò sí bí Garin yóò ṣe mọ òórùn ìda yàtọ̀ sí ti àgùntàn, Ìyá.” Garin rí nǹkan kan lára bàtà rẹ̀ tó yẹ kó bojú wò.

Joscelin gbé Ostiane padà, ó ti òkúta dí ẹnu ihò náà. Ó ní kí wọ́n bá òun po ẹfun. Fáàdá Odilon ló pò ó, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bu díẹ̀, ó fẹ́ fi lé ògiri. Joscelin di ọwọ́ arúgbó náà mú jẹ́jẹ́.

“Omi ló kọ́kọ́ ń débẹ̀, Fáàdá.”

Àlùfáà náà gbé àwokòtò omi, ó sì dì í mú fún un. Joscelin ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì fi omi rin òkúta náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.